Fíríìsà Màámi ní Motufala

Motufala, Tuvalu
Ọjọ́ kẹrin, Oṣù Kẹta, ọdún 2014

Maheu ọmọ mi,

Talofa o. Mo kí ọ, mo kí Meleane ìyàwó rẹ, mo kí àwọn ọmọ. Ara mi le, àyàfi orúnkún tó máa ń yọ mí lẹ́nu tí òjò bá fẹ́ rọ̀, ìyẹn kì í sì í ṣe ìròyìn tuntun. Lotoala àbúrò mi kí ọ. Láti ìgbà tí ẹ̀yìn ti ń dùn ún tí kò lè lọ sókun mọ́, ọ̀dọ̀ mi ló ti ń jẹun. Ó ní ṣé o ti sanra bíi tàwọn ará Auckland, kí òun lè mọ ẹni tí òun máa wò tí o bá sọ̀ kalẹ̀ nínú ọkọ̀.

Lẹ́tà ni mo kọ torí ìwọ náà mọ bí tẹlifóònù wa ṣe rí. Inú ọ́fíìsì kan ṣoṣo yẹn ló ṣì wà, gbogbo ìlú ló ń jókòó sórí bẹ́ǹṣì níbẹ̀ tí wọ́n ń dúró de tiwọn, etí wọn ò sì dí. Tí mo bá sọ fún ọ pé inú ń run mí, kí n tó délé wọ́n á ti gbé oògùn dúró dè mí lẹ́nu ọ̀nà. Ọkọ̀ ń lọ sí Funafuti lọ́la, á bá mi mú èyí dání dé ibi tí bàálù wà.

Ìròyìn tó wà nílẹ̀ ni pé iná oòrùn ti dé. Wọ́n to sólà sẹ́yìn ilé ẹ̀kọ́, wọ́n kó bátìrì sínú ilé kan tí wọ́n ń tì pa, Fakavae tó ń tan jẹnẹrétọ̀ fún wa tẹ́lẹ̀ ló wá di ọ̀gá bátìrì. Ṣé o rántí bí a ṣe ń yí àgbá epo láti inú ọkọ̀ kékeré wá sí èbúté, tí ìgbì á sì já ọ̀kan gbà lọ́wọ́ wa? Tí ọkọ̀ epo bá pẹ́, a ó kàn tan iná láti ìrọ̀lẹ́ títí àdúrà alẹ́ á fi parí, ó di òkùnkùn nìyẹn. Ó ti tán o. Tọ̀sán-tòru ni iná fi ń wà báyìí. Jẹnẹrétọ̀ ti panu mọ́, àfi tí ojú ọjọ́ bá ṣú fún ọjọ́ bíi mélòó kan. Mo ti ń gbọ́ ìró òkun látorí ẹní mi. Inú mi dùn sí i ju iná fúnra rẹ̀ lọ.

Ọkùnrin kan tí ìjọba rán wá bá wa sọ̀rọ̀ nínú gbọ̀ngàn ìlú. Ó ní gbogbo erékùṣù Tuvalu ló máa lo oòrùn láìpẹ́, pé èéfín epo ló ń mú kí òkun máa ga sí i. Lotoala ò jẹ́ kó jókòó tán. Ó ní, "Ọ̀gá, epo tí gbogbo wa ń sun níbí lọ́dún, ṣé ó tó èyí tí bàálù tó gbé yín wá sí Funafuti sun?" Gbogbo ilé bú sẹ́rìn-ín. Ọkùnrin náà ò bínú. Ó ní òótọ́ ni, òkun tó ń ga kì í ṣe ẹjọ́ wa, ṣùgbọ́n oòrùn ò nílò ọkọ̀ tó máa gbé e wá. Ọ̀rọ̀ yẹn wọ gbogbo wa létí.

Tí ààyè bá yọ, fi aṣọ funfun ránṣẹ́ sí mi. Èyí tí mo ń wọ̀ lọ sí ṣọ́ọ̀ṣì ti ń fi ara hàn.

Èmi ìyá rẹ,
Sepola


Rānui, Auckland
Ọjọ́ kọkànlá, Oṣù Kẹrin

Màámi,

Ẹ kú ojúmọ́ o, tó bá sì jẹ́ pé alẹ́ ni lẹ́tà yìí bá yín, ẹ kú alẹ́. Gbogbo wa wà dáadáa. Òtútù ti ń bẹ̀rẹ̀ níbí. Ẹ bá mi kí Bùrọ̀dá Lotoala, ẹ ní mi ò tíì sanra, iṣẹ́ ò jẹ́.

Ọ̀rọ̀ iná yẹn dùn mọ́ mi nínú ju bí mo ṣe lè sọ lọ. Ẹ mọ ibi tí mo ti ń ṣiṣẹ́. Ilé ńlá kan tó tutù bíi yìnyín ni, ẹja àti ẹran dídì ló kún ibẹ̀ dé òrùlé. Ojoojúmọ́ ni mò ń wọ kóòtù nípọnnípọn wọlé, tí mò ń kó ẹja tí wọ́n pa lókun tiwa fún àwọn tí kò lè tọ́ka sí Tuvalu lórí àwòrán ayé. Tí mo bá ń kó o, ẹ̀yin ni mo máa ń rò. Láti ìgbà tí Bàámi ti kú, àfi kí ẹlòmíràn lọ sókun kí ẹ tó jẹ ẹja. Tinei tó ń pẹja á gbé ọ̀kan wá, ẹlòmíràn á gbé ọ̀kan wá. Ó ń dùn mí, mi ò kàn sọ ni.

Ó ti tán náà, Màámi. Mo ti ra fíríìsà fún yín. Ńlá ni, funfun, ọmọdé méjì lè sùn sínú rẹ̀. Ó ti wà nínú ọkọ̀ òkun. Ẹ sọ fún àwọn tó máa gbé e kí wọ́n má dojú rẹ̀ délẹ̀, kí ẹ sì jẹ́ kó sinmi fún ọjọ́ kan kí ẹ tó tàn án. Láti ìsinsìnyí lọ, ẹ ò ní máa wo ojú ẹnikẹ́ni kí ẹ tó jẹ ẹja.

Aṣọ funfun wà nínú rẹ̀, mo ká a sísàlẹ̀.

Ọmọ yín,
Maheu


Motufala
Ọjọ́ kejì, Oṣù Kẹfà

Maheu,

O ṣeun. O ṣeun, o ṣeun. Kí Ọlọ́run jẹ́ kí àwọn ọmọ tìẹ náà ṣe irú ẹ̀ fún ọ.

Fíríìsà dé láìfarapa. Ọkùnrin mẹ́fà ló gbé e láti èbúté, Lotoala ń rìn níwájú wọn, ó ń pariwo bí ẹni tó ń darí ọkọ̀ ogun: "Ẹ rọra! Ẹ rọra! Ìyàwó ni ẹ ń gbé yẹn!" Ìlú tú jáde. Ìyàwó Pásítọ̀ wá, ó ṣí ìdérí rẹ̀, ó tì í, ó tún ṣí i. Mi ò purọ́ fún ọ, Maheu, orí mi wú. Mo yọ yìnyín fún gbogbo ọmọ àdúgbò, wọ́n ń mu ún, omi ń kán sí wọn láyà.

Ó ti kún báyìí. Àwọn èèyàn ń kó ẹja wọn wá pé kí n bá àwọn tọ́jú ẹ̀, mo sì gbà. Ẹni tí ọmọ rẹ̀ bá ṣe irú èyí fún, kò yẹ kó há mọ́ ará ìlú. Àwọn mìíràn náà ti ń kọ̀wé sáwọn ọmọ wọn ní Auckland àti Fíjì pé kí wọ́n ra tiwọn.

Tí o bá tún ń ránṣẹ́, fi ẹja inú agolo díẹ̀ kún un. Díẹ̀ náà tó.

Ìyá rẹ,
Sepola


Rānui
Ọjọ́ kejìlélógún, Oṣù Keje

Màámi,

Ẹ kú ìrọ́jú o. Lẹ́tà yín dé, mo sì kà á fún gbogbo ilé. Ṣùgbọ́n ọ̀rọ̀ ìparí yẹn rú mi lójú, ẹ má bínú pé mo bi yín.

Lusila ọmọ àǹtí dé láti Motufala lọ́sẹ̀ tó kọjá. Ojú gbogbo èèyàn ló ti sọ ọ́ lẹ́yìn ṣọ́ọ̀ṣì pé fíríìsà yín kún débi pé ó di ìgbà tí òun jókòó lé ìdérí kó tó pa dé. Ó ní ẹja atu tó wà nínú rẹ̀ á bọ́ ìjọ kan. Ẹ sì ní kí n fi ẹja inú agolo ránṣẹ́? Meleane bi mí pé ta ló fẹ́ jẹ ẹ́. Òkun wà lẹ́nu ọ̀nà yín, fíríìsà wà nínú ilé yín, ẹja ń ya bò ó. Ta ló ń jẹ ẹja yín, Màámi?

Ẹ jẹ́ kí n sọ ọ́ bó ṣe rí lọ́kàn mi. Ṣé Bùrọ̀dá Lotoala ni? Mo mọ̀ pé ẹ̀yìn ń dùn wọ́n, ṣùgbọ́n ẹnu ò dùn wọ́n. Tó bá jẹ́ pé àwọn ni wọ́n ń kó o fún àwọn ọ̀rẹ́ wọn, ẹ sọ fún mi, màá kọ̀wé sí wọn fúnra mi. Mi ò ṣe làálàá nínú òtútù torí kí ẹlòmíràn máa jẹ̀gbádùn.

Mi ò tíì fi agolo ránṣẹ́. Mò ń retí àlàyé yín.

Maheu


Rānui
Ọjọ́ kẹtàdínlógún, Oṣù Kẹsàn-án

Màámi,

Ṣé kò sí o? Ọkọ̀ ti dé láti ọ̀dọ̀ yín lẹ́ẹ̀mejì, lẹ́tà gbogbo èèyàn wà nínú ẹ̀, tèmi nìkan ni kò sí. Mo pe ọ́fíìsì tẹlifóònù. Wọ́n ní ẹ ní kí àwọn sọ fún mi pé ara yín le, pé ẹ ò ní ọ̀rọ̀ tí ẹ lè sọ lórí bẹ́ǹṣì.

Tí ọ̀rọ̀ tí mo sọ nípa Bùrọ̀dá bá dùn yín, ẹ bú mi. Bíbú sàn ju ìdákẹ́ lọ. Ìyá Lusila kọ̀wé sí wa pé ẹ ti rù. Ó ní aṣọ funfun tí mo fi ránṣẹ́ ń fẹ́ lẹ́lẹ́ lára yín bí aṣọ tó wà lórí okùn. Mi ò lè sùn. Kí ló ń mú yín rù nígbà tí oúnjẹ wà nílé?

Mo ti bẹ̀rẹ̀ sí í ṣe ìwé tí ẹ máa fi wá máa gbé lọ́dọ̀ wa níbí. Mo mọ̀ pé ẹ ti máa ń sọ pé ẹ ò ní kúrò ní Motufala láéláé. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ tún un rò.

Ọmọ yín,
Maheu


Motufala
Ọjọ́ kẹta, Oṣù Kẹwàá

Maheu,

Inú bí mi sí ọ, ni mi ò ṣe kọ̀wé. Lotoala ò jẹ ẹja kankan. Kókò pulaka lásán lòun náà ń jẹ, pulaka àti àgbọn, bíi tèmi. Nígbà tí mo ka lẹ́tà rẹ fún un, ó kàn rẹ́rìn-ín, ó ní, "Ọmọ yìí ò mọ̀ pé ikùn mi ti gbàgbé bí atu ṣe rí." Lẹ́yìn náà ó jáde lọ jókòó sétíkun, kò wá jẹun alẹ́. O jẹ ẹ́ ní gbèsè ẹ̀bẹ̀.

Jókòó kí o gbọ́. Fíríìsà mi kún, ṣùgbọ́n kò sí ẹja mi nínú ẹ̀. Ẹja Tinei ni, ẹja Pásítọ̀, ẹja àwọn ará òdìkejì ìlú. Èmi ń ṣọ́ ọ. Kí ìwọ tó fi fíríìsà ránṣẹ́, tí Tinei bá ti òkun dé, ọ̀dọ̀ mi ló kọ́kọ́ máa ń yà sí. Lẹ́yìn tí fíríìsà dé, ó bẹ̀rẹ̀ sí í gba iwájú ilé mi kọjá. Mo rò pé mo ti ṣẹ̀ ẹ́. Mo pè é.

Mo ní, "Tinei, ṣé a jọ ń jà ni?"

Ó ní, "Ìjà kẹ̀? Sepola, ojú ló ń tì mí. Ẹni tó ní irú àpótí yẹn nílé, kí n máa ju ẹyọ ẹja kan sí i lẹ́nu ọ̀nà bí ẹni ń fi í ṣẹ̀sín? Tí mo bá pa púpọ̀, màá kó púpọ̀ wá."

Ó sì pa púpọ̀, ó kó púpọ̀ wá lóòótọ́. Ó ní kí n bá òun tọ́jú ẹ̀ di ìgbà ìgbéyàwó ọmọ òun.

Bí gbogbo wọn ṣe rí nìyẹn. Kò sẹ́ni tó kórìíra mi nínú wọn. Ọ̀wọ̀ ni wọ́n fi ń wọ̀ mí, ebi sì ń pa mí lórí ẹ̀. O lè ní kí n mú ọ̀kan níbẹ̀, ta ló máa mọ̀? Èmi á mọ̀. Ẹja tí wọ́n gbé lé mi lọ́wọ́ ni. O tún lè ní kí n tọrọ. Tí mo bá tọrọ, kí ni wọ́n máa sọ? Wọ́n á ní Maheu gbé àpótí òfìfo ránṣẹ́ sí ìyá ẹ̀, ó sì fi ebi sílẹ̀ fún un. Mi ò lè gbọ́ ìyẹn nípa ọmọ mi. Ìdí tí mo fi ní kí o fi agolo ránṣẹ́ nìyẹn, kí n lè máa jẹ ẹ́ ní kọ̀rọ̀.

Iná náà ò tún rí bó ṣe rí mọ́. Bátìrì ń tán kí ilẹ̀ tó mọ́, Fakavae ti tún ń tan jẹnẹrétọ̀, a ti tún ń yí àgbá epo. Wọ́n pe ìpàdé sí gbọ̀ngàn.

Ní ti ìwé tí ò ń ṣe, mo ti máa ń sọ pé ilẹ̀ yìí ni wọ́n máa sin mí sí. Ó rẹ̀ mí, Maheu. Tí ìwé bá jáde, mo lè wá.

Ìyá rẹ


Rānui
Ọjọ́ kẹrìnlélógún, Oṣù Kẹwàá

Màámi mi,

Ẹkún ni mo fi ka lẹ́tà yín, inú mọ́tò ni mo jókòó sí kí àwọn ọmọ má baà rí mi. Ẹ dárí jì mí. Ìlú yẹn ni wọ́n bí mi sí, ó yẹ kí n mọ̀. Ó ṣe mí bíi pé èmi ni mo ti àwọn èèyàn sẹ́yìn lẹ́nu ọ̀nà yín.

Mo kọ lẹ́tà sí Bùrọ̀dá lọ́tọ̀, ó wà nínú àpòòwé kan náà. Ẹ bá mi bẹ̀ wọ́n, ẹ má jẹ́ kí wọ́n yà á kí wọ́n tó kà á. Páálí ẹja inú agolo méjì ń bọ̀. Ẹ jẹ ẹ́ ní gbangba, ẹ má jẹ ẹ́ ní kọ̀rọ̀ mọ́.

Ìwé yín ti fẹ́rẹ̀ẹ́ jáde. Mo máa wá pàdé yín ní Funafuti nínú Oṣù Kejìlá. Meleane ti ń tún yàrá ṣe. Ẹ ṣe ohun tó bá wù yín sí fíríìsà yẹn. Ẹ sọ ọ́ sókun.

Maheu


Motufala
Ọjọ́ kọkàndínlógún, Oṣù Kọkànlá

Maheu ọmọ mi,

Mo kí ọ, mo kí ilé rẹ. Lotoala ti ka lẹ́tà rẹ. Ó ní òun ti dárí jì ọ́, ṣùgbọ́n òun ṣì máa fìyà jẹ ọ́ tí ẹ bá ríra, torí "ẹnu ò dùn wọ́n" yẹn.

A ti ṣe ìpàdé. Fakavae ló kọ́kọ́ dìde. Ó ní, "Ẹ má bú oòrùn. Oòrùn ń ṣe tiẹ̀. Bátìrì tí wọ́n kó fún wa, iná àtùpà, fáànù kékeré àti rédíò ni wọ́n fi ṣírò rẹ̀. Wọn ò mọ̀ pé gbogbo ọmọ yín tó wà lókè òkun máa máa fi fíríìsà ránṣẹ́ bí ẹni ń fi bisikíìtì ránṣẹ́." Ẹnì kan ní kí ìjọba fi sólà kún un. Fakavae ní òun ti bá wọn sọ̀rọ̀, wọ́n ní ó di ọdún méjì sí i. Ẹlòmíràn ní kí a kúkú máa pa iná lóru bíi tàtijọ́. Ariwo sọ. Àwọn àgbà ń lu ilẹ̀ pé kí ilé dákẹ́.

Mi ò mọ ìgbà tí mo dìde. Lotoala fa aṣọ mi pé kí n jókòó, mo gba aṣọ mi lọ́wọ́ ẹ̀. Mo ní, "Gbogbo yín lẹ mọ fíríìsà mi. Òun ló kọ́kọ́ dé. Ẹja yín ló wà nínú ẹ̀. Láti ọjọ́ tó ti wọlé, ẹnikẹ́ni ò fún mi ní ẹja jẹ, èmi náà ò sì bèèrè torí ojú ń tì mí. Ebi ń pa mí nínú ìlú tí wọ́n ti bí mi. Ọmọ mi fi ìfẹ́ ṣe é, ẹ̀yin fi ọ̀wọ̀ ṣe é, èmi ni mò ń rù. Ẹ wá kó ẹja yín lónìí. Mo fẹ́ yọ ọ́ kúrò lára iná."

Tinei bojú. Ìyá arúgbó kan tó jókòó sẹ́yìn ní, "Èmi náà," ó sì tún un sọ: "Èmi náà." Ìgbà yẹn ni mo tó mọ̀ pé èmi nìkan kọ́ ni opó tó ń fi àgbọn jẹ pulaka.

Ohun tí wọ́n fẹnu kò sí ni pé ilé ìtajà alájẹṣẹ́kù á máa lo fíríìsà méjì fún gbogbo ìlú, fún ẹja àsè àti èyí tí wọ́n bá fẹ́ tà ní Funafuti. Kí àwọn ilé yòókù yọ tiwọn. Èyí tó pọ̀ jù ti yọ ọ́. Ìyàwó Pásítọ̀ ò tíì yọ tiẹ̀. Ó ní oògùn ló wà nínú ẹ̀. Lotoala bi í pé oògùn wo ló ń jẹ́ ẹsẹ̀ ẹlẹ́dẹ̀. Síbẹ̀, jẹnẹrétọ̀ ti tún dákẹ́ lóru. Tí ìjọba bá mú sólà kún un lọ́jọ́ iwájú, a tún máa jókòó sọ ọ́. Mo fi fíríìsà tìrẹ ta ilé alájẹṣẹ́kù lọ́rẹ. Mo mọ̀ pé òtútù tí o ṣiṣẹ́ nínú rẹ̀ ló di àpótí yẹn. Ó dùn mí bí mo ṣe ń wò ó tó ń lọ. Má bínú sí mi.

Lọ́jọ́ kejì, Tinei ti òkun dé. Ó yà. Ó dúró lẹ́nu ọ̀nà, kò lè wò mí lójú. Ó ní, "Méjì ni mo pa. Tìẹ rèé."

Mo gbà á. Mo se é, Lotoala jẹ orí, mo gbé ìrù fún ìyá arúgbó ọjọ́ ìpàdé. Mo jẹ tèmi, mo sunkún, mo sì jẹ àjẹkún.

Má da ìwé yẹn nù, jẹ́ kó jáde. Sọ fún Meleane pé kó fi yàrá náà sílẹ̀ bó ṣe wà. Ojú àwọn ọmọ rẹ ń wù mí rí, mo sì máa wá wò wọ́n lọ́jọ́ kan, màá sì padà sílé. Ṣùgbọ́n má wá sí Funafuti nínú Oṣù Kejìlá. Ebi ló fẹ́ gbé mi wá nígbà yẹn, kò pa mí mọ́.

Ìyá rẹ tó fẹ́ràn rẹ,
Sepola